Kẹrosíìnì Nínú Ìgò Omi: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Ọmọ Kan ní Bàrígà

Ọmọkùnrin ni, ó ku oṣù méjì kó pé ọmọ ọdún méjì. Ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ wà lágbègbè Ìlàjẹ ní Bàrígà, ilé elérò púpọ̀ tí yàrá dojú kọ yàrá, tí gbogbo wa sì jọ ń lo kíṣíìnì kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sáré wá kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn. Ìyá ọmọ náà fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ nítorí pé ìwọ̀nba kẹrosíìnì tó wọ ikùn ọmọ yẹn kò tó èyí tó lè pa á. Ìrànlọ́wọ́ tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fẹ́ ṣe fún un ni ìbá pa á.

Gáàsì ìyá rẹ̀ ti tán láti Ọjọ́bọ̀. Owó tó máa fi rọ gáàsì kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá gbé sítóòfù rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó sì lọ ra kẹrosíìnì lọ́dọ̀ obìnrin tó ń tà á ní oríta. Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń ta kẹrosíìnì lẹ́bàá títì: kẹ́ẹ̀gì ńlá, àrọ, àti ìgò tí oníbàárà bá gbé wá fúnra rẹ̀. Ìgò omi oníke ni ìyá yìí gbé lọ. Ó da díẹ̀ sínú sítóòfù, ó dé ìyókù, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì yà sí yàrá láti lọ mú ìrẹsì. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ọmọ ń ṣeré lọ́dẹ̀dẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí ìgò tó ti ń rí kí wọ́n máa bu omi mu nínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti lajú. Kẹrosíìnì tó mọ́ kò yàtọ̀ sí omi lójú ọmọdé. Àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá sí ọsibítù lórí ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì, torí wọ́n ti lè rìn, wọ́n ti lè ṣí ìdérí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń gbé sẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló rí i. Àlàyé tí ọmọbìnrin kékeré yẹn ṣe fún mi ló wúlò jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní àbúrò òun gbé ìgò sẹ́nu, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, ó pá a lórí, ó ju ìgò náà sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bó ṣe pá a lórí yẹn ni mo dì mú. Ó túmọ̀ sí pé díẹ̀ nínú kẹrosíìnì náà ti ṣèèṣì yà sí ọ̀nà èémí.

Kí n tó dé kíṣíìnì, èrò ti pé. Ẹnì kan ní kí wọ́n ki ìka bọ ọmọ náà lọ́fun kó lè bì. Wọ́n ti rán ọmọ kan lọ ra mílíìkì alágolo. Ọkùnrin tó ń gbé yàrá iwájú ní omi àgbọn ló ń pa oró, pé kí wọ́n wá ẹni tó ní àgbọn. Ìyá àgbà, ìyá bàbá ọmọ náà, ti bu epo pupa sínú ife, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pe ọmọ náà ní oríkì bó ṣe ń sún mọ́ ọn. Ìyá ọmọ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ọmọ náà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí gbogbo ìwòsàn wọ̀nyẹn fi léwu, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní lè dúró níwájú àgbà tó di ife epo mú. Kẹrosíìnì tó bá dúró sínú ikùn kì í sábà ṣe ọmọdé ní jàǹbá ńlá, nítorí ara kò fi bẹ́ẹ̀ fà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni ewu rẹ̀ wà. Kẹrosíìnì fẹ́lẹ́, ó máa ń yára tàn, èyí tí kò tó ṣíbí tíì kan tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kékeré jẹ́. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké ló wà níbẹ̀, ohun kan tó ń yọ̀ sì wà lára wọn nínú tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Kẹrosíìnì á fọ nǹkan yẹn dànù. Àwọn àpò náà á lẹ̀ pọ̀, ara wọn á wú, omi á máa sun wọ inú wọn, ọmọ á wá máa mí hẹlẹ, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ kò ní tó o.

Nígbà tí ọmọ bá ń gbé e mì, díẹ̀ lè yà sí ọ̀nà èémí. Bí a bá wá fipá mú un bì, gbogbo èyí tó ti dúró jẹ́ẹ́ nínú ikùn tún máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí kọjá lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú agbára, nígbà tí ọmọ ń ké tó sì ń fa èémí sínú. Ohun tí epo pupa máa ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń mú ọmọ bì. Epo náà fúnra rẹ̀ sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó dá àìsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mílíìkì kò pa kẹrosíìnì, omi àgbọn náà kò pa á, wọ́n kàn ń kún ikùn ọmọ títí yóò fi bì ni. Mo ti tọ́jú ọmọ tí kẹrosíìnì tó mu kò tó nǹkan, tí epo tí wọ́n rọ fún un nílé sì kún àyà rẹ̀. Mi ò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lépo.”

“Kí lo wí? Epo la fi gba bàbá ẹ̀ là nígbà tó mu irú nǹkan yìí. Ṣé ó kú ni?”

“Kò kú, Màmá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ikọ́ yẹn. Kẹrosíìnì ti ń wá ọ̀nà sí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Tó bá bì báyìí, yóò ráyè wọlé. Ẹ bá mi gbé e lé itan yín, kó jókòó dáadáa, kó tẹ síwájú díẹ̀. Ọwọ́ yín ló mọ̀, tó bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹkún ẹ̀ á rọlẹ̀.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé ife sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ilé pé ibí yìí ni ìtọ́jú pàjáwìrì ti máa ń bàjẹ́. Ẹni tó bá já ife gbà lọ́wọ́ àgbà lójú èrò, ìjà ló dá sílẹ̀, ọmọ á sì wà láàárín ìjà náà. Àgbà tó ń sáré gbé epo wá, ohun tó mọ̀ ló ń ṣe, ìfẹ́ ló sì ń mú un ṣe é. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ sọ ìdí fún un ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ gidi. Ìyá àgbà yẹn ló di ọmọ mú títí a fi dé ọsibítù, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó lè dì í mú dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ń fi sítóòfù dáná nítòsí. Mo ní kí wọ́n pa á kíá, kí èrò sì sún sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Kẹrosíìnì ti rin iwájú ẹ̀wù ọmọ náà gbindin, òórùn rẹ̀ ń wọ imú rẹ̀, ó sì lè bó awọ ara ọmọdé bó bá pẹ́ lára. A bọ́ ẹ̀wù, a fi ọṣẹ àti omi fọ àyà àti ọrùn rẹ̀, a fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀ níta, ìyá àgbà sì fi ìborùn rẹ̀ wé e. A kò fún un ní nǹkan kan mu, omi pàápàá.

Ó lajú, ó ń ké, ó mọ ìyá rẹ̀. Ìyẹn dára. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀, mo fi fóònù wo aago, mo ń ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìgbà 48 ni. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, ọmọ ọdún 1 sí 5 tó bá mí tó ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, èémí rẹ̀ ti yá jù. Ẹ má kà á nígbà tí ọmọ bá ń figbe ta, torí ẹkún nìkan lè mú kí èémí yá. Mo tún wo ihò imú rẹ̀, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń mí. Kò sí àkókò láti dúró wò ó nílé mọ́.

Ká ní ó ti dákú ṣùgbọ́n tó ń mí, ẹ̀gbẹ́ ni à bá tẹ́ ẹ sí, kí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí ohunkóhun tó bá bì lè ṣàn jáde. Bí ó bá bì fúnra rẹ̀ nígbà tó lajú, kí a tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Bí kò bá sì mí mọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti títẹ àyà: ìgbà 30, ní kíákíá, títí àyà á fi wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìnlẹ̀ rẹ̀, kí a wá fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kí a tún padà sórí títẹ̀, láìdúró, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílé wa ti ń pe 767. Nọ́ńbà yìí àti 112 ni ti pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, owó kì í lọ lórí wọn. Mo dúró tì í kí ó lè sọ ohun tó yẹ: ọjọ́ orí ọmọ, ohun tó mu, pé ó ń mí ṣùgbọ́n èémí yá, àti ibi tí a wà pẹ̀lú àmì tí awakọ̀ lè fi mọ ọ́n, torí orúkọ òpópónà nìkan kì í tó ní àdúgbò bíi tiwa. Nítorí pé ọmọ lajú, tí ọsibítù kò sì jìnnà, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà, a sọ fún wọn pé a ti ń gbé e bọ̀. Mo mú ìgò náà dání. Ẹ má gbàgbé èyí láé. Ọjà kún fún nǹkan olómi tí wọ́n ń bu sínú ìgò tí kì í ṣe tiwọn, oògùn sì yàtọ̀ síra. Kẹrosíìnì kò ní oògùn tí ń pa oró rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn kòkòrò Dichlorvos, tí NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ tó jẹ́ 100 ml ní 2019, ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá mu ún, ìdádúró sì lè pa onítọ̀hún. Dókítà tó bá rí ìgò, tó gbóòórùn rẹ̀, kò ní máa méfò.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló sún mọ́ wa jù. Mo ní kí a yà níbẹ̀ bóyá wọ́n ní ọ́síjìn. Wọ́n ní, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu káàdì ní kí a kọ́kọ́ san owó ìdúró. Ìyá ọmọ kò mú owó dání. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà, ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́, pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí yòówù, pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ó ní òun á lọ bi ọ̀gá. Ọ̀gá kò sí nílé. A kò dúró jiyàn. Inú bí mi púpọ̀, ó sì ń bí mi títí di òní, torí òfin náà ti pẹ́ tó kí gbogbo ẹni tó ń jókòó sẹ́nu káàdì mọ̀ ọ́n.

A gba ojú ọ̀nà Pedro bọ́ sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Gbàgádà. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà ń tẹ fèrè, ó ń yọ orí síta, ó ń ké sí àwọn onímọ́tò pé, “Ọmọ ni o! Ọmọ ni o!” Wọ́n ń yà fún un. Owó tí a fún un, kò gbà á.

Níbi ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há ọmọ náà ní ìka. 89 ló gbé jáde nínú 100, bẹ́ẹ̀ bó bá ti kéré sí 90, ọ́síjìn yá. Wọ́n fi ike tín-ín-rín sí ihò imú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n tú ọ́síjìn sí i, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó gun 95. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fọ ikùn rẹ̀. Dókítà kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé fífọ ikùn fún kẹrosíìnì lè mú èébì wá, ewu tí wọ́n ti sá fún nílé ni. Ìyá àgbà yíjú sí mi. Kò sọ̀rọ̀.

Wọn kò yára ya àwòrán àyà rẹ̀, torí ẹ̀dọ̀fóró lè má tíì fi nǹkan hàn ní wákàtí àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n yà á lálẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún funfun níbi tó yẹ kó dúdú. Ara rẹ̀ gbóná lóru yẹn. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí ń pa kòkòrò àìsàn, dókítà sì ní ibà yìí lè wá láti ara ìjóná tí kẹrosíìnì ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró, láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀, pé òun á máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ kejì, ibà rọlẹ̀. Ọjọ́ kẹta, wọ́n yọ ọ́síjìn kúrò nímú rẹ̀, ó ń mí dáadáa láìsí i, ó jẹ ògì. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún àwọn tí ọmọ wọn bá mu kẹrosíìnì tí kò wúkọ́, tí kò sì ṣe bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ẹ ṣì gbé e lọ sí ọsibítù. Ìṣòro àyà lè pẹ́ tó wákàtí 6 kó tó yọjú, inú ọsibítù ló yẹ kí ọmọ lo wákàtí wọ̀nyẹn, níbi tí wọ́n á ti máa ka èémí rẹ̀.

Bàbá ọmọ náà dé láti wáàfù ní Àpápá lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì kọjú ìjà sí ìyàwó rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ọsibítù. “Ibo lo wà? Kí lo ń ṣe?” Ìyá àgbà ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó ní, “Kẹrosíìnì tí o mu nígbà èwe rẹ, ta ló gbé e kalẹ̀? Èmi ni.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn tù ìyá ọmọ nínú ju gbogbo ohun tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera sọ fún un lọ. Obìnrin tó ń dá ọmọ méjì tọ́ lọ́sàn-án, tí kíṣíìnì rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ilé, kò sí bó ṣe lè máa ṣọ́ gbogbo igun.

Ibi tí a lè mú ọ̀rọ̀ náà ni ìgò. Ìyá àgbà àti èmi lọ bá obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ní oríta. A kò lọ bá a jà. A sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó ká ọwọ́ lórí, ó ní òun náà ní ọmọ-ọmọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, kò ní ta fún un. Ó ti kó kẹ́ẹ̀gì kéékèèké aláwọ̀ búlúù jọ, ó ń yá àwọn oníbàárà rẹ̀ lò. Nílé wa, bàbá onílé kan pákó mọ́ ògiri kíṣíìnì lókè, ibẹ̀ ni gbogbo kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì wà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé ọmọ náà padà lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà fetí sí ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ní èémí rẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé bí ikọ́ àti ibà bá mú un ní àwọn oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n tètè gbé e wá, kí wọ́n sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá máa yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti mu kẹrosíìnì rí.